Kí ló ń mú kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan já bọ́ nígbà tí mo bá so àtẹ méjì pọ̀ nínú SQL?

Akọ̀wé Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn nínú PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú dátà, tó ń gba àṣẹ ní èdè SQL. Àtẹ omo_egbe ni nọ́ńbà, orúkọ àti àdúgbò ẹnì kọ̀ọ̀kan wà; àtẹ owo ni a ń kọ ohun tí wọ́n bá dá sí. Mo fẹ́ mọ iye tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, títí kan àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá nǹkan kan:

SELECT o.adugbo, COUNT(*), SUM(w.iye)
FROM omo_egbe o
LEFT JOIN owo w ON w.nomba_omo = o.nomba
WHERE w.ojo >= '2025-01-01'
GROUP BY o.adugbo;

Àwọn tí kò tíì san kọ́bọ̀ kò jáde rárá, bẹ́ẹ̀ LEFT JOIN ni mo lò, èyí tó yẹ kó mú gbogbo ìlà àtẹ àkọ́kọ́ wá, bí wọn kò tilẹ̀ ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú èkejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lẹ́yìn Pópó Ọba àti Òkè-Balógun, ìlà méjì ló jáde tí kò ní orúkọ àdúgbò, tí owó iwájú wọn sì yàtọ̀ síra. Ṣé kò yẹ kí gbogbo ẹni tí a kò mọ àdúgbò rẹ̀ wà lójú kan náà ni?

Ọmọ Ìkòròdú

WHERE ló lé wọn jáde. LEFT JOIN ti mú ẹni tí kò san wá, ó sì fi NULL (àmì pé kò sí dátà níbẹ̀) sí gbogbo òpó tó yẹ kó ti inú owo wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí WHERE wá yẹ ọjọ́ wò tí kò bá ọjọ́ kankan níbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ di "a kò mọ̀", WHERE kì í sì í gba irú ìlà bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹ yọ WHERE, kí ẹ gbé ọjọ́ náà lọ sínú ON:

ON w.nomba_omo = o.nomba AND w.ojo >= '2025-01-01'

Ẹ tún wo COUNT(*) yẹn dáadáa, nítorí ìlà ló ń kà: ẹni tó san lẹ́ẹ̀mẹ́ta á di mẹ́ta, ẹni tí kò san rárá á sì jẹ́ ọ̀kan. COUNT(DISTINCT o.nomba) ló ń ka orí. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti san, NULL ni SUM yóò mú wá, nítorí náà ẹ kọ ọ́ ní COALESCE(SUM(w.iye), 0), kó fi 0 rọ́pò NULL.

Alákọsílẹ̀

Ní ti ìlà méjì yẹn, GROUP BY máa ń kó gbogbo NULL sójú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì = kò gbà pé NULL kan dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Ìlà kejì ní láti jẹ́ '', ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú, tàbí àlàfo lásán tí ẹnì kan tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Oracle, ètò dátà mìíràn, ka '' sí NULL, PostgreSQL kò kà á bẹ́ẹ̀. NULLIF(TRIM(o.adugbo), '') nínú SELECT àti GROUP BY yóò sọ '' àti àlàfo di NULL, á sì so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹ fi UPDATE tún àtẹ náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sinmi.

Bí ẹ bá máa gbé dátà náà lọ sínú pandas, irinṣẹ́ dátà ti èdè Python, ẹ ṣọ́ra: groupby rẹ̀ máa ń da àwọn tí kò ní àdúgbò nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹ bá kọ dropna=False, èyí tó wọlé ní ẹ̀dà 1.1. Ní ti merge, tí pandas fi ń so àtẹ méjì pọ̀, ó máa ń so òfìfo mọ́ òfìfo, ohun tí JOIN kì í ṣe.

Akọ̀wé Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo wọn ti jáde báyìí. Akápò tún ń béèrè ìpíndọ́gba owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo sì fẹ́ fi àdúgbò so àtẹ àwọn alágbàwó mọ́ ọn. Ẹnì kan ní kí n lo COALESCE lápá méjèèjì, kí n fi ọ̀rọ̀ kan náà dí àdúgbò tó bá ṣófo.

Ọmọ Ìkòròdú

N kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Bí alágbàwó méjì bá wà tí a kò kọ àdúgbò wọn, gbogbo ìyá tí àdúgbò tirẹ̀ náà ṣófo yóò so mọ́ àwọn méjèèjì, owó wọn á sì di ìlọ́po méjì. LEFT JOIN ni kí ẹ lò, kí ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo.

Akápò ni yóò sọ irú ìpíndọ́gba tó ń wá. Ká ní ìyá mẹ́ta wà ní Pópó Ọba, ọ̀kan san ₦2,000, èkejì san ₦4,000, ẹ̀kẹta kò san: AVG(w.iye) yóò fún un ní 3,000, torí kò ka ẹni tí kò san, bẹ́ẹ̀ ₦2,000 ló kan orí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ti orí ló fẹ́, ẹ fi COUNT(DISTINCT o.nomba) pín SUM. Tí iye bá jẹ́ integer (nọ́ńbà odidi), ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di numeric (nọ́ńbà tó lè ní ìdá), kí PostgreSQL má baà gé kọ́bọ̀ dànù.