Hot tub wo ni ká rà, lọ́wọ́ ta sì ni? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn kí owó tó jáde tán

Ìyá Tọ́lá, Bowie, Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú òtútù yìí. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ fàájì létí àwọn kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, èmi sì ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yìn ń dun òun, orúnkún ń dun èmi. A ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ ká lè ra hot tub, agbada ńlá olómi gbígbóná tí à ń jókòó sínú rẹ̀, sẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo iye tí wọ́n ń pè, orí mi ń dàrú.

Ibi mẹ́ta la ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tó ti wà lágbègbè yìí tipẹ́. Wọ́n pè é ní 13,500 dọ́là: ènìyàn márùn-ún, iná 240 volt, àwọn ni yóò gbé e wá, tí wọn yóò gbé e kalẹ̀ síbi tó máa wà, ìdérí àti àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀. Ìkejì wà ní ìpàtẹ ọjà tí wọ́n ṣe ní Sátidé tó kọjá. Ọ̀kan níbẹ̀ ní ihò jet 90, ìyẹn ihò tí omi ń gbà tú jáde sí ara. Wọ́n kọ 18,000 sí i lára, wọ́n fagi lé e, wọ́n wá kọ 8,999. "Òní nìkan ni o, mà." Ìkẹta jẹ́ ti ilé ìtajà ńlá tí à ń fi káàdì wọ̀, 5,200 péré, èyí tí wọ́n kàn máa ń ki wáyà rẹ̀ bọ iná ara ògiri.

Kí ló dé tí owó wọn jìnnà síra tó báyìí? Ṣé ihò 90 yẹn ṣe nǹkan? Kí ni kí n bi àwọn díílà yìí?

Ọmọ Ìbàdàn

13,500 kẹ̀! Ìyá Tọ́lá, ilé tí mò ń kọ́ ní Mọ́níyà ò tíì ní òrùlé o, ẹ rántí mi. Ẹ̀yin náà ẹ ra èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là lọ. Tó bá sú yín, ẹ ká a, ẹ jù ú sí gáréèjì.

Ìyá Tọ́lá

Ẹ̀rín pa mí. Bọ̀dá, ọkọ mi ga, ó sì tóbi. Kò ní rí ibi fẹ̀yìn tì nínú rọ́bà yẹn.

Bàbá Oníná, Laurel

Àbúrò, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ yẹn bóyá owó iná wà nínú 13,500. Kì í sábà sí níbẹ̀. Hot tub 240 volt ń fẹ́ wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti inú panẹ́ẹ̀lì ilé, àpótí tí iná ti ń pín káàkiri, breaker rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 50 amp, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ GFCI, irú èyí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò. Ó tún ń fẹ́ àpótí ìpaná kan níta, tí ẹni tó dúró ti omi lè fojú rí, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ omi ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, kí ẹni tó wà nínú omi má baà lè nawọ́ kàn án. Bí panẹ́ẹ̀lì yín bá wà níwájú ilé tí omi sì wà lẹ́yìn, wáyà á gùn, bàbà sì wọ́n. Ẹ máa nílò ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńtì. Oníṣẹ́ iná tó bá ní ká má wulẹ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ti 5,200 yẹn ń kọ́? Kì í ṣe ayédèrú. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò. Omi 350 gálọ́ọ̀nù wúwo tó bíi 2,900 páùn. Kó tó kúrò ní 55°F dé 102°F, á jẹ iná bíi yúníìtì 40, ẹ̀rọ yòówù kí ẹ lò. Èyí tí amúmigbóná rẹ̀ jẹ́ kilowatt 4 á parí rẹ̀ ní bíi wákàtí 10. Èyí tí wọ́n ki bọ ògiri, tí tirẹ̀ jẹ́ kilowatt 1, á lò tó wákàtí 40, ká má tíì ka ooru tó ń sá lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í lè mú omi gbóná nígbà tí pọ́ǹpù bá ń sáré. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣí ìdérí lóṣù January tí ẹ sì tan jet, bí ẹ ṣe ń gbádùn ni omi ń tutù.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi horsepower tàn yín. Iná ògiri 120 volt, 15 amp, kò lè fúnni ju watt 1,800 lọ. Horsepower kan jẹ́ watt 746. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ń ki bọ ògiri tí wọ́n kọ 5 HP sí lára, ìgbà tí pọ́ǹpù ń gbéra, tí kì í tó ìṣẹ́jú kan, ni wọ́n kà.

Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí? Omi 2,900 páùn, hot tub fúnra rẹ̀ bíi 800, ènìyàn márùn-ún 900: ó ti di 4,600. Ẹ má gbé ìyẹn lé déèkì onígi tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ò tíì yẹ̀ wò. Kọnkéré tó nípọn ínǹṣì mẹ́rin, tó ní irin nínú, ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bàbá Ìbejì, Houston

Ẹ̀gbọ́n Oníná, ẹ rọra o. Èyí tí wọ́n ń ki bọ ògiri ni èmi ní, mi ò sì rí ohun tó ṣe é. Mi ò pe oníṣẹ́ iná kankan. A kàn ki í bọ ibi iná tó wà níta, tó ti ní GFCI tẹ́lẹ̀.

Ẹni Yìnyín, Minnesota

Bàbá Ìbejì, Houston lẹ wà! Ẹ gbé e wá síbí ní February, ká wò ó.

Ìyá Tọ́lá, lójú tèmi, ohun tó ń pinnu owó iná ni ìdérí àti ohun tí wọ́n fi dí ara rẹ̀. Orí omi ni ooru ń gbà jáde jù. Ìdérí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó ti fa omi sínú fóòmù rẹ̀, ẹ̀ ń fi owó yín mú ojú ọ̀run gbóná ni. Ẹ béèrè iye tí ìdérí tuntun jẹ́ kí ẹ tó ra hot tub, torí bó pẹ́ bó yá, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n tú pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fojú ara yín rí inú. Àwọn kan kún fún fóòmù pátápátá, ooru kì í tètè jáde, àmọ́ bí páìpù bá jò, wọ́n á máa gbẹ́ fóòmù kí wọ́n tó rí i. Àwọn kan dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan, ó rọrùn láti tún ṣe. Èmi fara mọ́ èyí tó kún. Bí díílà bá kọ̀ láti tú pátákó kan ṣoṣo, ìdáhùn yín nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀ṣun, Philadelphia

Mo ti bá wọn tajà ní irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi. 18,000 tí wọ́n fagi lé yẹn, kò sẹ́ni tó san án rí. Torí kí wọ́n lè fagi lé e ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ihò 90 kì í ṣe agbára. Pọ́ǹpù ló ń ti omi. Omi tí pọ́ǹpù méjì ń tì jáde, tí ẹ bá pín in fún ihò 90, á kàn máa rìn yín lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Ẹ pín in fún 40, ẹ̀yìn ọkọ yín á mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kó aṣọ ìwẹ̀ dání, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ̀yin méjèèjì wọnú omi. Ẹ má tijú. Ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ máa ń ní ọ̀kan tó gbóná nílẹ̀ fún ìdánwò. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ọkọ yín ń kan odi kejì, tàbí bóyá omi ń gbé ẹ̀yin léfòó kúrò lórí ìjókòó. Ìwé ìpolówó kì í sọ ìyẹn.

Wárántì wá ni kókó. "Ọdún márùn-ún", ọdún márùn-ún ti kí ni? Ara rẹ̀ lóde ní tirẹ̀, páìpù ní tirẹ̀, pọ́ǹpù àti amúmigbóná ní tiwọn, owó iṣẹ́ ní tirẹ̀, owó ìrìnnà ẹni tó ń bọ̀ wá tún un ṣe kì í sì í sábà sí nínú ìkankan. Ẹ bi wọ́n: ta ló ń bọ̀ nílé mi bó bá bàjẹ́? Òṣìṣẹ́ yín ni, àbí nọ́ńbà fóònù kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn? Ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè fi pọ́ǹpù tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti California. Ta ni yóò wá dọ̀bálẹ̀ sínú yìnyín lẹ́yìn ilé yín láti so ó? Àwọn onípàtẹ, ní Sunday alẹ́ wọ́n ti di ẹrù, wọ́n ti lọ sí ìlú mìíràn.

Bàbá Oníná, Laurel

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ tún béèrè ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ náà. Bó bá jẹ́ Balboa tàbí Gecko, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè rí i rà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní tiwọn tí díílà wọn nìkan ń tà. Ìyẹn ò burú bí díílà bá súnmọ́ yín, tó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bó bá kógbá wọlé, wàhálà dé.

Ìyá Tọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀ tí ẹ ò tíì gbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àkáǹtì wa lórí fóònù. Ọkọ mi ti san 1,000 dọ́là sílẹ̀ ní ìpàtẹ yẹn lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo lọ ra oúnjẹ fáwọn ọmọ! Ó ní òun fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún mi. Ó ti buwọ́ lùwé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àsansílẹ̀ kì í padà. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Ọmọ Ọ̀ṣun, Philadelphia

Kò tíì lọ! Ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yára. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tí FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ń bójú tó: ẹni tó bá ra ọjà tó tó 130 dọ́là ní ibi ìtajà ìgbà díẹ̀, bíi ìpàtẹ, yàrá òtẹ́ẹ̀lì tàbí gbọ̀ngàn àpérò, lè fagi lé e títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ iṣẹ́ kẹta. Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba kì í wọ inú rẹ̀. Sátidé ló buwọ́ lùwé, òní ni Monday, nítorí náà ó di Wednesday, agogo méjìlá òru.

Ẹ wo inú ìwé tí wọ́n fún un. Ó yẹ kí fọ́ọ̀mù ìfagilé wà níbẹ̀, ẹ̀dà méjì. Kí ọkọ yín buwọ́ lu ọ̀kan, kó kọ déètì sí i, kí ẹ fi lẹ́tà onírìsíìtì ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì, kí èǹtẹ̀ tiwọn wà lára rẹ̀ kí Wednesday tó parí. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kejì. Bí fọ́ọ̀mù ò bá sí, ẹ kọ lẹ́tà fúnra yín. Kò sídìí láti ṣàlàyé ìdí kankan. Ẹ má kàn pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé yín dé Thursday. Bí wọ́n bá ti gbà á, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti dá owó padà.

Ẹ rántí pé òfin yìí kò kan ohun tí ẹ bá rà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an, tàbí èyí tí ẹ rà látòkè délẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ìbàdàn

Ìyàlẹ́nu ẹlẹ́gbẹ̀rún dọ́là! Bọ̀dá wa yìí, ẹ bá mi kí wọn o.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Baltimore

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí: ṣé ọkọ yín ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọjọ́ orí wa ló ń lò ó. Omi gbígbóná máa ń fẹ ojú iṣan, ìfúnpá á lọ sílẹ̀, bó bá sì dìde lójijì òòyì lè gbé e. Kó bi dókítà rẹ̀ léèrè. Omi ò gbọ́dọ̀ kọjá 104°F fún ẹnikẹ́ni. Aláboyún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí chlorine tó ń pa kòkòrò inú rẹ̀ tó 3 ppm (ìdá mẹ́ta nínú mílíọ̀nù kan) ó kéré tán, kí pH, ìyẹn ìwọ̀n kíkan omi, wà láàrin 7.0 sí 7.8. Bébà ìdánwò rẹ̀ ò wọ́n. Omi gbígbóná tí wọn ò tọ́jú máa ń jẹ́ kí nǹkan sú síni lára, ó sì lè gbé kòkòrò Legionella tó ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ da omi nù, ẹ rọ tuntun.

Ọ̀rọ̀ tiwa tí òyìnbó ò ní sọ fún yín: òrí àti ìpara tí à ń fi para, àti epo tí à ń fi sí irun. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa hó bí omi ọṣẹ, asẹ́ rẹ̀ á dí. Kí àwọn ọmọbìnrin tó di irun gígùn kó o lọ sókè, kí wọ́n dè é. Ihò tó ń fa omi lágbára. Ní 2002, ọmọ-ọmọ James Baker, tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà rí, kú nínú hot tub, ihò tó ń fa omi ló fà á mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi sọ òfin ìdérí ihò omi ti 2007. Ẹ wò ó pé ìdérí ihò ti yín ò sán. Ìdérí òkè tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa tì í.

Ìyá Tọ́lá

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ká a sẹ́yìn ìwé ìpolówó. Mo ti gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ń kùn, ṣùgbọ́n ó buwọ́ lù ú.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Wọ́n ní ká wá wọnú omi ní Thursday, òṣìṣẹ́ tiwọn ló ń tún un ṣe, owó iṣẹ́ wà nínú wárántì fún ọdún méjì, bọ́ọ̀dù rẹ̀ Balboa ni. Owó iná ò sí nínú 13,500 bí Bàbá ṣe wí. Mo ní kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n ní àwọn á fi ẹ̀rọ tó ń gbé ìdérí sókè sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò tíì dáhùn.

Bàbá Oníná, Laurel

Ẹ má dáhùn títí ọkọ yín á fi jókòó nínú rẹ̀. Kó tó di Thursday, ẹ ṣí ilẹ̀kùn panẹ́ẹ̀lì yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí nọ́ńbà tó wà lára breaker ńlá hàn dáadáa, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá jẹ́ 100 amp, tí sítóòfù àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ náà sì ń lo iná, a ní láti ṣírò bóyá àyè wà fún 50 mìíràn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.