HOA ní kí n fa ewédú iwájú ilé mi tu, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Abẹ́ní (Orlando): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àdúgbò tó ní HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé tó ń ṣòfin fún àdúgbò, la ra ilé sí. Igi ńlá aládùúgbò wa ti ṣíji bo ẹ̀yìnkùlé, iwájú ilé nìkan ni oòrùn ti ń ràn dáadáa, ibẹ̀ ni mo gbin ewédú, ilá àti tẹ̀tẹ̀ sí. Ó hù dáadáa, àwọn ọmọ ló ń bá mi já a. Lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n fa gbogbo rẹ̀ tu, kí n gbin koríko padà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ màá sanwó ìtanràn. Ilé tí mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù! Mo gbọ́ pé òfin Florida fún wa láyè láti gbin oúnjẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Alàgbà Délé: Àǹtí, ẹ fà á tu, kẹ́ ẹ ra ewédú ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Kí lẹ fẹ́ fi wàhálà ṣe?

Bàbá Tómi (Miami): Ẹ jọ̀ọ́ sà, ewédú inú yìnyín kọ́ lẹni tó ní ilẹ̀ yẹ kó máa jẹ. Àǹtí Abẹ́ní, ẹ má tíì fa nǹkan kan tu. Òfin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ti wá. Ní Miami Shores níbí, Hermine Ricketts àti ọkọ rẹ̀, Tom Carroll, ti ń gbin ẹ̀fọ́ síwájú ilé wọn fún ọdún 17 kí ìlú tó ṣòfin ní 2013 pé ẹ̀yìnkùlé nìkan ni ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ $50 lójúmọ́. Wọ́n fà á tu, wọ́n pẹjọ́, wọn ò jàre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà dá ìlú láre ní 2017. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló wá gbà wọ́n: láti oṣù Keje ọdún 2019, ìjọba ìlú tàbí ti county kankan ní Florida kò lè ka ẹ̀fọ́ léèwọ̀ nínú ọgbà onílé mọ́. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Àmọ́ ìjọba nìkan lòfin náà dè lọ́wọ́. HOA kì í ṣe ìjọba, àdéhùn tó so mọ́ ilé náà ni agbára wọn ti wá. Ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn dáadáa: ṣé ó dárúkọ ẹ̀fọ́, àbí "koríko" nìkan ló sọ?

Màmá Káyọ̀dé (Tampa): Ọmọ mi, ẹ̀yìnkùlé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn láti 2024. Ọgbà ẹ̀fọ́ tí a kò lè rí láti iwájú ilé, láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò tàbí láti ibi àjùmọ̀lò, HOA kò láṣẹ lórí rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ṣe fẹ́ǹsì láti fi bò ó, gba àṣẹ wọn ṣáájú. Ní ti ìtanràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 14, ó kéré tán, kí ìgbìmọ̀ tí kò ní ọmọ bọ́ọ̀dù HOA tàbí ẹbí wọn nínú sì gbọ́ tẹnu rẹ. Bí ìgbìmọ̀ yẹn kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìtanràn. Kọ̀wé béèrè ìjókòó ìgbìmọ̀ náà lónìí.

Àdùkẹ́ (Jacksonville): Ẹ gbin èyí tó lẹ́wà síwájú, ma. Ṣọkọ tí à ń sè yìí, òdòdó ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, Celosia lorúkọ rẹ̀. Ewé ànàmọ́ náà, wọ́n ń rà á ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣápá ń ṣe dáadáa ní Florida, òdòdó rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ẹ̀fọ́ Ìyánà-Ìpájà lè fara da òjìji díẹ̀, ẹ gbé e sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ sè é jinná, torí májèlé wà nínú tútù rẹ̀.

Abẹ́ní: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ìwé náà: "koríko tàbí ohun ọ̀ṣọ́" ló wà níbẹ̀, kò dárúkọ ẹ̀fọ́ rárá. Mò ń kọ lẹ́tà ìjókòó lálẹ́ yìí. Àdùkẹ́, ṣé o ní irúgbìn iṣápá tí o lè fi ránṣẹ́ sí mi?