Ẹ bá mi wá ìwé ìfẹ́ onídán tí mi ò ní jù sílẹ̀ lágbedeméjì

Nọ́ọ̀sì_Òru
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Tó bá ti di aago méjì òru tí àwọn aláìsàn ti sùn, ìwé ló ń gbà mí lọ́wọ́ oorun. Èyí tí wọ́n ń pè ní romantasy ni mo fẹ́ràn: ìfẹ́ tí idán wà nínú ẹ̀, tàbí idán tí ìfẹ́ wà nínú ẹ̀.

Fourth Wing ti Rebecca Yarros ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi parí ẹ̀. Ọmọbìnrin tí ara ẹ̀ kò gba ìnira, tó ti múra láti máa ṣiṣẹ́ láàárín ìwé, ni ìyá ẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gágun wá fi tipátipá tì sáàárín àwọn tó ń gun dírágónì. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Mo bọ́ sórí Iron Flame, apá kejì ẹ̀, mi ò dé ìdajì tí mo fi gbé e sílẹ̀. Àwọn méjèèjì á bá ara wọn jà nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi pa mọ́, wọ́n á parí ìjà lórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ á mọ́, ìjà míì. Mo ní ọkọ nílé. Mi ò nílò dírágónì kí n tó rí irú ìyẹn.

Ìfẹ́ tó rọra dàgbà ni mò ń wá. Kí ọ̀rọ̀ yàrá má pọ̀ jù o, torí àbúrò mi ọmọ ọdún 16 máa ń yọ́ fóònù mi mú. Ẹ má wulẹ̀ pọ́n ìwé fún mi. Ẹ sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Jẹ̀wéjẹ̀wé
Ẹ jẹ́ kí n yáa tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u: A Court of Thorns and Roses. 2015 ni Sarah J. Maas gbé e jáde. Feyre pa ìkookò nínú igbó nígbà òtútù torí ebi ń pa ará ilé wọn. Ìkookò ọ̀hún kì í ṣe ẹran lásán, iwin ni. Ni ẹranko gìrìwò kan bá fọ́ ilẹ̀kùn wọlé wá béèrè ẹ̀mí tí wọ́n pa.

Òótọ́ ọ̀rọ̀: ìdajì ìwé kìíní, oúnjẹ àti ọgbà òdòdó ṣáá ni. Ẹ fara dà á. Ìwé kejì, ti 2016, lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ẹ ti ń ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kìíní, ẹ ó fi aṣọ náà nu ilẹ̀ nínú ìkejì. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọkùnrin lè nífẹ̀ẹ́ ẹ dénú eegun, kó sì fi ìfẹ́ yẹn ti ẹ́ mọ́lé. Mo mọ ẹni tó ka ibẹ̀ tó sunkún, tí kì í ṣe nítorí Feyre.

Fún àbúrò yín ńkọ́? Rárá o. Ẹ fi PIN sí fóònù yín.

Ọmọ_Yemẹ̀tù
Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, Uprooted ni kí ẹ kà. Naomi Novik, 2015, ìwé kan ṣoṣo tó parí síbi tó parí sí. Kò sí pé ẹ ń dúró de apá kẹta títí irun á fi funfun. Ó gba Nebula, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì àti ti onídán.

Oṣó kan ń gbé nínú ilé gogoro kan, Dragon ni wọ́n ń pè é, àmọ́ èèyàn ni. Ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò sọ̀ kalẹ̀ wá mú ọmọbìnrin ọdún 17 kan lọ láti àwọn abúlé tó yí i ká. Gbogbo èèyàn ti gbà pé Kasia ni yóò mú lọ́dún náà: òun ló rẹwà, òun ló láyà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló mú, Agnieszka, ẹni tí aṣọ tuntun kì í bá dé ọ̀sán kó tó ya tàbí kó dọ̀tí.

Bí ẹni ń ka ìwé òfin ni oṣó yìí ṣe ń pe ọfọ̀ ẹ̀, sílébù kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ti ọmọbìnrin yìí dà bí orin tí èèyàn ń kùn sínú nídìí ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n jọ pe idán òdòdó kan, tọ̀túntòsì wọnú ara wọn, òdòdó wá ń hù kọjá bí wọ́n ṣe rò. Ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn bá ẹlòmíràn nínú ilé ìwẹ̀. Ìran yẹn mú mi lára ju gbogbo bẹ́ẹ̀dì inú ìwé yòókù lọ.

Igbó kan sì wà níbẹ̀ o! Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ tó jáde, kì í ṣe òun ló jáde mọ́.

Ibi tó kù sí: nígbà tí wọ́n dé ààfin, ó sú mi díẹ̀. Ọmọ ọba kan fẹ́ fipá bá a lò ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fún àbúrò. Ìran yàrá wà, àmọ́ kò tó nǹkan.

Jẹ̀wéjẹ̀wé
@Ọmọ_Yemẹ̀tù o ò sọ pé oṣó náà ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, o ò sì sọ pé èébú ló fi ń kí ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀. "Òpònú" báyìí, "aláìmọ́" báyìí. Bí ọkùnrin Yemẹ̀tù bá sọ ìdajì ẹ̀ sí ẹ, ìwọ náà á fi omi ọbẹ̀ wẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Yemẹ̀tù
Ọkùnrin inú ìwé Maas tìẹ tó ní ìyẹ́ lẹ́yìn ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni? Ju ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Àmọ́ mo gbà, ẹnu oṣó yẹn kò dára. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì ni mo rí i.

Tíṣà_Yorùbá
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sí ẹni tó dárúkọ Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, 2018. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni. Zélie ni akọni obìnrin ibẹ̀. Ọba Saran ló ní kí wọ́n pa àwọn onídán, ìyá Zélie wà lára wọn, ọmọ ọba náà, Inan, ni Zélie sì wá ń bá pàdé lójú àlá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó! Ó yẹ kí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọdún méjì kó tó jinná. Ọjọ́ mélòó kan péré ló gbà. Mo ń kà á, mo ń sọ fún Zélie pé "ọmọ mi, dúró ná."

Ohun kejì, ẹ bá mi gbà á bí ìrora tíṣà. Ó kọ orúkọ ilẹ̀ náà ní Orïsha, ó fi àmì méjì lé i lórí. Àmì wo nìyẹn nínú èdè wa? Ọfọ̀ inú ẹ̀ náà, àmì ohùn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kiri. Síbẹ̀ mo ra ẹ̀dà mẹ́ta fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, torí ọmọbìnrin kan bi mí lẹ́yìn tó kà á pé ta ni Ọya. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá, kò bi mí rí.

Ará_Ìlọrin
Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti kọ́ Ìlọrin sórí omi! Ìlọrin, abúlé apẹja tó léfòó! Mo kà á fún ìyá mi, wọ́n ní ṣé odò Àsà ló kún ni.

Ìyá_Mojí_Peckham
Ẹ kú àsìkò o láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi ni mo ra Skin of the Sea fún, èmi ni mo kà á tán. Natasha Bowen ló kọ ọ́ ní 2021, ó ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Wales. Simi jẹ́ Mami Wata tí Yemọja yàn láti máa kó ẹ̀mí àwọn tí wọ́n kú sínú òkun láti inú ọkọ̀ ẹrú, kó gbàdúrà lé wọn lórí kí wọ́n lè padà sílé. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí wọ́n jù sómi ṣì ń mí. Kola lorúkọ ẹ̀. Simi gbà á là, ó sì ti rú òfin.

Èyí tó wá dùn mí ni pé bí Simi bá jẹ́ kí ìfẹ́ èèyàn mú òun, ìfóófòó omi ni yóò dà. Nítorí náà, bí wọ́n bá kàn jókòó ti ara wọn, ọkàn mi á ti máa lù kìkì. Ọ̀rọ̀ yàrá kò sí níbẹ̀, ẹ lè gbé e fún àbúrò láìwẹ̀yìn. Kìkì pé ìrìn wọn pọ̀: wọ́n rìn, wọ́n jà, wọ́n tún rìn.

Bàbá_Akàwé
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú òye. Mo ń ka gbogbo yín bọ̀. Igbó tí ọmọ Yemẹ̀tù ń sọ ló mú mi rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá ti gbé igbó Fágúnwà kọjá kò ní sá fún ìyẹn. Ẹ lọ wá Àdìtú Olódùmarè, ti 1961. Lẹ́yìn gbogbo ìyà tó jẹ Àdìtú nínú igbó, ó bá Iyùnadé pàdé, lẹ́tà ni wọ́n sì ń kọ síra wọn. Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ gírámà, inú lẹ́tà wọ̀nyẹn la ti ń jí gbólóhùn fi kọ sí àwọn ọmọbìnrin. Èmi jí ìpínrọ̀ kan odindi. Ọmọbìnrin náà dá a padà, ó fi bírò pupa kọ orí ibi tí mo ti jí i sí i.

Nọ́ọ̀sì ní ká sọ àléébù: Fágúnwà á dá ìtàn dúró wàásù fún yín, ní ibi tó dùn jù. Ẹ jẹ́ kó wàásù ẹ̀ tán.

Ẹ sì má gbàgbé èyí tí àwọn ìyá wa pa fún wa: ọdẹ tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ, tó di arẹwà obìnrin lọ sọ́jà. Ó gbé awọ pa mọ́ sínú àká, ó fẹ́ obìnrin náà, wọ́n bímọ, ilé tòrò. Ọjọ́ tí ìyálé bú u pé kó máa jẹ, kó máa mu, awọ rẹ̀ wà nínú àká, ọjọ́ náà ló wọ awọ ẹ̀ padà. Àwọn kan ní Ọya gan-an ni. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ọdẹ ni mo ń káàánú. Mo ti dàgbà báyìí, mo wá ń bi ara mi pé irú ìfẹ́ wo ló ń kó awọ ẹni pa mọ́.

Jẹ̀wéjẹ̀wé
Bàbá, ìwé kejì Maas gan-an lẹ sọ tán yẹn.

Ará_Ìlọrin
Tèmi kúrú. The City of Brass, S. A. Chakraborty, 2017. Nahri ń fi ìwòsàn àwúrúju gba owó ní Cairo, ló bá ṣèèṣì kọrin pe àlùjànnú gidi jáde. Orúkọ pọ̀ níbẹ̀ bí orúkọ inú ìwé àjọ, ẹ ó kọ ọ́ sínú bébà. Ìfẹ́ ibẹ̀ kò tètè dé, nígbà tó bá sì dé, ọ̀rọ̀ ìtàn ẹ̀jẹ̀ ti wà láàárín wọn. Ìwé mẹ́ta ni, ó parí ní 2020.

Nọ́ọ̀sì_Òru
Ẹ ṣé o, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ka Uprooted tán. Ní ibi òdòdó yẹn, aláìsàn tẹ aago, mo gbé fóònù dání dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Jẹ̀wéjẹ̀wé jàre: bí oṣó yẹn bá jẹ́ dókítà wọ́ọ̀dù mi, a ó jọ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

Skin of the Sea wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ti sunkún lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ti Fágúnwà ni mò ń kà lọ, Bàbá, ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ará_Ìlọrin, ṣé ìwé àlùjànnú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín, kí n yá a?

Ará_Ìlọrin
Abẹ́ ìrọ̀rí ìyàwó mi ló wà. Wọ́n ní kí n má bi àwọn ní nǹkan kan títí di ọjọ́ Àìkú.