Àkójọ fíìmù tí Martin Scorsese fẹ́ràn jù: ṣé kí a tẹ̀lé e, àbí kí a ṣe tiwa?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Àdùkẹ́ Awòran, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o, ẹ sì kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Èmi pẹ̀lú àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ kan máa ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti wo fíìmù, lẹ́yìn náà a ó jókòó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a wò. Nígbà tí àríyànjiyàn lórí èyí tí a ó wò bẹ̀rẹ̀ sí gba àkókò ju fíìmù fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀kan nínú wa mú àkójọ kan wá, ó ní kí a máa tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkójọ náà ni èyí tí Martin Scorsese, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, fún ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2012, nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn olùdarí káàkiri ayé pé fíìmù mẹ́wàá wo ni ó tayọ jù lọ lójú wọn. Mẹ́wàá ni wọ́n ní kí ó mú, méjìlá ni bàbá náà mú.

Àwọn fíìmù ọ̀hún nìyí, bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀lé ara wọn: Citizen Kane (1941), Paisà (1946), The Red Shoes (1948), The River (1951), Ugetsu Monogatari (1953), The Searchers (1956), Vertigo àti Ashes and Diamonds (1958), Salvatore Giuliano (1962), 8½ àti The Leopard (1963), àti 2001: A Space Odyssey (1968).

Àwọn kan nínú wa ní ẹni tí ó ṣe Taxi Driver àti Goodfellas kò lè ṣi ọ̀nà hàn wá, kí a gba tirẹ̀ kí a sì dákẹ́. Àwọn yòókù ní kò sí fíìmù Áfíríkà kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sí èyí tí obìnrin darí, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1968, kí ni ó wá jẹ́ kí a pè é ní àkójọ gbogbo ayé? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí a tẹ̀lé e? Bí a bá sì máa tẹ̀lé e, èwo ni kí a kọ́kọ́ wò? Ẹ fi sọ́kàn pé àwọn ìyá méjì kan máa ń bá wa jókòó tí ojú wọn kì í tètè bá ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tí ó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán.

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́

Àdùkẹ́, o ṣeun tí o gbé e wá. Àkójọ ẹnì kan kì í ṣe èsì ìdánwò, ọmọ mi. Láti ọdún 1952 ni ìwé ìròyìn yẹn ti ń ṣe irú ìbò yìí láàárín àwọn lámèyítọ́ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Bicycle Thieves, tí àwọn ará Ítálì ṣe, ni ó gba ipò kìíní nígbà àkọ́kọ́. Láti 1962 títí di 2002, Citizen Kane ni àwọn lámèyítọ́ ń gbé sókè. Ní 2012 Vertigo yọ ọ́ nípò. Ní 2022 ipò náà bọ́ sọ́wọ́ Jeanne Dielman, tí Chantal Akerman, obìnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe ní ọdún 1975. Fíìmù tí ó wà nínú agolo kò yí padà láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn tí ń dìbò ni ó yí padà.

Ohun tí àkójọ Scorsese lè ṣe fún yín ni pé yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọkùnrin náà ti kọ́ iṣẹ́. Mẹ́rin nínú méjìlá náà jẹ́ ti Ítálì: Paisà ti Roberto Rossellini, Salvatore Giuliano ti Francesco Rosi, The Leopard ti Luchino Visconti, àti 8½ ti Federico Fellini. Ẹ wá wo ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Erékùṣù Sísílì ni ìtàn The Leopard àti ti Salvatore Giuliano ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà ni Paisà sì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ ní etíkun lóru. Sísílì yìí kan náà ni àwọn òbí àgbà Scorsese ti ṣí wá sí New York. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ nínú My Voyage to Italy, fíìmù tí ó ṣe nípa àwọn fíìmù Ítálì, bí gbogbo ilé ṣe máa ń kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí òun wà ní ọmọdé láti wo irú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀, tí omi sì máa ń bọ́ lójú àwọn àgbà. Ilé ni ó kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ayé, n kò sì bá a wí.

Nínú Paisà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtàn kejì, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Naples, kọjá lára yín. Ọmọdé kan tí kò ní alágbàtọ́ fa sójà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tí ó ti mu ọtí yó lọ́wọ́, wọ́n sì jókòó lórí òkìtì àwókù ilé. Sójà náà bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn bí wọn yóò ṣe fi ìlù àti ariwo pàdé òun nígbà tí òun bá délé. Láìpẹ́ ojú rẹ̀ fà ro, ó ní òun kò fẹ́ padà sílé mọ́, nítorí pé ahéré jákujàku ni ilé òun. Ọmọ náà kìlọ̀ fún un pé bí ó bá sùn, òun yóò jí bàtà rẹ̀. Ó sùn lóòótọ́. Nígbà tí ó tún rí ọmọ náà lẹ́yìn náà, ó fipá mú un lọ sí ibi tí ó ń gbé kí ó lè gba bàtà rẹ̀ padà, ó sì bá ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nínú ihò àpáta, ó gbọ́ pé bọ́ǹbù ti pa ìyá àti bàbá ọmọ náà. Ó ju bàtà náà sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Rossellini kò fi ìwàásù kankan lé e.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àlàyé, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kékeré kan. Michael Powell àti Emeric Pressburger ni wọ́n ṣe The Red Shoes. Thelma Schoonmaker, obìnrin tí ó ti ń bá Scorsese gé fíìmù rẹ̀ pọ̀ láti Raging Bull ti ọdún 1980 wá, ni ó sì fẹ́ Powell ní ọdún 1984. Àjọ tí Scorsese dá sílẹ̀ ní 1990 láti máa tún àwọn fíìmù àtijọ́ ṣe wà lára àwọn tí wọ́n tún The Red Shoes ṣe, wọ́n sì gbé e jáde níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2009. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àkójọ yìí kò ní ojúsàájú nínú, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Síbẹ̀, ẹ wo The Red Shoes! Ìtàn obìnrin oníjó kan ni, tí ọ̀gá ẹgbẹ́ oníjó ní kí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ fún ijó, tí ọkọ sì ní kí ó fi ijó sílẹ̀ tọ òun wá. Bí obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ bá wà nínú ìpàdé yín, ilẹ̀ á ṣú kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àkànbí Onísinimá, Èkó

Mo bọ̀wọ̀ fún Tíṣà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọ̀rọ̀ ilé àti ìdílé ni ó tán níbẹ̀. Kí ni ó kan ọmọ Sísílì pẹ̀lú Ugetsu, tí Kenji Mizoguchi ṣe ní Japan, tàbí pẹ̀lú Ashes and Diamonds, tí Andrzej Wajda ṣe ní Pólàńdì? Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó rí tí ó sì wólẹ̀ fún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọkàn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa máa ń hàn sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àkójọ olùdarí ju ti lámèyítọ́ lọ.

Ugetsu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Amọ̀kòkò kan fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nígbà ogun, ó kó ìkòkò lọ sí ìlú lọ tà, obìnrin ọlọ́lá kan sì fà á wọ ilé rẹ̀, ọkùnrin náà kò sì mọ̀ pé òkú ni obìnrin náà. Nígbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì délé lóru, inú ilé ṣókùnkùn, kò sí ẹnì kankan. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé yí ilé náà ká, kámẹ́rà ń tẹ̀lé e láti inú ilé láìdúró. Nígbà tí ó fi máa tún wọlé, ìyàwó ti jókòó ti iná, oúnjẹ wà lórí ààrò. Òwúrọ̀ ni aládùúgbò tó sọ fún un pé àwọn ọmọ ogun ti pa obìnrin náà tipẹ́. Ta ni ó nílò ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ níbẹ̀? Ẹ ṣáà sọ fún àwọn ìyá yín pé ìtàn àkúdàáyà ni, kí ẹ sì yàgò fún wọn kí wọ́n máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Àdùkẹ́ Awòran

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ọ̀rọ̀ àkúdàáyà yẹn ti bá àwọn ìyá wa lára mu, wọ́n ti ń béèrè ọjọ́ tí a ó wò ó. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ìjà gidi tí ó wà láàárín wa wà lórí The Searchers. Àbúrò ọkọ mi ní òun kò ní jókòó wo fíìmù tí ó fi àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ẹranko. Ṣé kí a fò ó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Texas

Ẹ má fò ó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àbúrò ọkọ yín sọ tẹnu rẹ̀, nítorí pé òótọ́ wà nínú ohun tí ó sọ. Texas tí mo ń gbé yìí ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ní Monument Valley ni John Ford ti yà á, àwọn Navajo ni ó fi ṣe àwọn ará Comanche, ẹ̀yà mìíràn, Henry Brandon, òyìnbó tí wọ́n bí ní Jámánì, ni ó sì fi ṣe Scar, olóyè wọn. Ẹ̀gàn pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń fi obìnrin Comanche kan rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ burú, kò sì sí àwáwí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ethan, tí John Wayne ṣe. Ọdún pọ̀ tí ó fi ń wá ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jí gbé, nígbà tí ó sì gbọ́ pé ọmọ náà ti di ará Comanche, ó pinnu láti pa á. Níbì kan, wọ́n bá òkú Comanche kan nínú sàréè, Ethan yìnbọn sí i lójú méjèèjì, ó ní gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ wọn, ẹni tí kò ní ojú kò lè wọ ilẹ̀ àwọn ẹ̀mí, yóò máa rìn káàkiri nínú afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tí ó lè ṣe irú ìkà bẹ́ẹ̀ sí òkú ti ní láti mọ ẹ̀sìn àwọn tí ó kórìíra dunjú. Mi ò rò pé Ford fi í ṣe akọni lásán. Ibẹ̀ náà ni Scorsese ti rí Travis inú Taxi Driver, ọkùnrin mìíràn tí ó fẹ́ gba ọmọbìnrin kan là tipátipá. Àní nínú fíìmù gígùn tí ó kọ́kọ́ ṣe, Who's That Knocking at My Door, ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ The Searchers bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ pẹ̀lú ọmọge kan nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wo The Searchers ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wo Taxi Driver ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí àbúrò ọkọ yín wá sọ bóyá Scorsese rí ohun tí òun náà rí.

Bàbá Fídíò, Abẹ́òkúta

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ẹ dá Scorsese lẹ́bi pé kò mú fíìmù Áfíríkà, ẹ kò sì ṣi í sọ. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó dá iṣẹ́ World Cinema Project sílẹ̀ ní ọdún 2007, Touki Bouki tí Djibril Diop Mambéty ṣe ní Sẹ̀nẹ̀gàl ní 1973 sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Ní 2017, òun pẹ̀lú FEPACI, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe fíìmù ní Áfíríkà, àti UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, tún gbé ètò mìíràn kalẹ̀ fún fíìmù Áfíríkà nìkan. Ní 2022, Touki Bouki wọ inú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìbò àwọn lámèyítọ́. Ẹ kò lè dìbò fún ohun tí ẹ kò rí wò.

Ẹ fi Touki Bouki kún tiyín. Mory àti Anta ni orúkọ ọ̀dọ́ méjì inú rẹ̀, wọ́n ń gun alùpùpù tí wọ́n so ìwo màlúù mọ́ níwájú, Paris ni wọ́n fẹ́ já pa sí, wọ́n ń jalè kiri Dakar láti rí owó ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀ òkun, ọmọkùnrin náà yí padà, ó sáré. Ta ni kò ní irú rẹ̀ nínú ẹbí lónìí?

Ti àwa fúnra wa ni ó dùn mí jù. Ola Balogun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, Hubert Ogunde ṣe Ayé ní 1979, Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n tà á kiri, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá náà. Shaihu Umar ti Adamu Halilu, tí wọ́n ṣe ní èdè Haúsá ní 1976, Jos ni wọ́n ti rí i ní 2016 kí wọ́n tó tún un ṣe ní Berlin. A ń bá Scorsese jà pé kò fi tiwa sí i, nígbà tí agolo tiwa ń dípẹtà nínú yàrá.

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yọ́

Bàbá Fídíò, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Àkànbí, mo gbà fún ọ lórí ọ̀rọ̀ Ugetsu. Lórí ti lámèyítọ́, n kò gbà.

Àdùkẹ́, ohun tí mo bá máa ṣe nìyí. Ugetsu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú Paisà, lẹ́yìn náà The Red Shoes, tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ojú àwọn ìyá lè sinmi. Touki Bouki ni kí ó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá dé orí The Leopard, ẹ mọ̀ pé ó tó wákàtí mẹ́ta, kí ẹ se oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́lá tí ó rí i pé ayé ń yí, tí ó sì ń wá bí ipò ìdílé rẹ̀ kò ṣe ní yí, ni. Ẹ wo Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání (1999) ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí ẹ fi ọba Lápité tí kò gba gbẹ́rẹ́ wé ọlọ́lá Sísílì yẹn. Citizen Kane àti Vertigo lè dúró, gbogbo ènìyàn ni ó ti gbọ́ orúkọ wọn. Ní ti 2001, ẹ má wò ó lórí fóònù, ẹ má sì wò ó nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́yìn fèrèsé, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó sì pàdánù rẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá dúró ni kí ẹ wò ó.