Etíkun mẹ́ta ló wà nítòsí ìlú tí a ń lọ: èwo ni ká mú ìyá àgbà àtàwọn ọmọdé lọ?

Ìyá Ìbejì béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìdílé wa fẹ́ lọ lo ìsinmi ní ìlú ńlá kan tó wà létí òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì dé rí, a sì fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan ṣeré létíkun. Àwa tí à ń lọ ni èmi àti ọkọ mi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó sì mọ ìwẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú adágún tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe nìkan ló ti ń wẹ̀, àti ìyá ọkọ mi tí ń fi ọ̀pá rìn.

Etíkun mẹ́ta la ti gbọ́ nípa wọn. Ìkínní wà láàárín ìlú, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, ó sì ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń wo àwọn tó ń wẹ̀. Ìkejì jìnnà díẹ̀, ó gùn lọ rẹrẹ, iyanrìn rẹ̀ funfun, ìgbì rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ ló sì dùn ún wò jù nínú àwòrán. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin wa ń tọ́ka sí. Ìkẹta wà níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, wọ́n to òkúta ńláńlá sẹ́nu rẹ̀ láti dá ìgbì dúró, omi rẹ̀ sì pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n odò kékeré kan ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti àárín ìlú. Ọkọ mi ní ká lọ sí èyí tó rẹwà jù, ká ṣáà má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ inú omi jìnnà. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló yẹ kéèyàn wò kó tó yan etíkun tí kò tíì fojú rí?

Ẹ̀ṣọ́ Òkun fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrònú. Iṣẹ́ dídóòlà ẹ̀mí àwọn tó ń wẹ̀ lókun ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà, kí n tó béèrè bí iyanrìn etíkun kan ṣe rí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé ta ni yóò rí ọmọ mi bí omi bá ń gbé e lọ. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, mo ti yọ etíkun náà kúrò nínú ohun tí mò ń rò, pàápàá bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ ọkọ yín kò fi tó. Níbi tí ìgbì bá ti ga, ohun tó máa ń gbé èèyàn lọ jù ni omi tó ń padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ìgbì bá ti dà á sórí iyanrìn. Omi yìí gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ó sì sábà máa ń gba inú kòtò tóóró kan tó wà láàárín àwọn òkìtì iyanrìn abẹ́ omi. Nígbà mìíràn ó máa ń sáré ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ ìwẹ̀ nínú ìdíje Òlíńpíìkì pàápàá kò lè wẹ̀ borí. Ohun tó wá ń tan àlejò jẹ ni pé ojú ibi tí omi ti ń padà yìí gan-an ló máa ń jọ ibi tó rọ̀ jù: ìgbì ń hó funfun lápá ọ̀tún, ó ń hó funfun lápá òsì, àárín wọn wá dákẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ewé òkun àti iyanrìn sì ń bá omi náà lọ síwájú. Ibẹ̀ ni òbí tó ń bẹ̀rù ìgbì máa ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Kò sì dìgbà tí ọmọ bá lọ jìnnà, torí omi tó mọ sí itan bàbá rẹ̀ ti dé àyà ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ìgbà tí òkun bá fẹ́ ṣe èèmọ̀, kì í kìlọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1938, ní etíkun Bondi ní ìlú Sydney, ìgbì ńlá tẹ̀ lé ìgbì ńlá, wọ́n sì gbá ọ̀pọ̀ èèyàn tó dúró lórí òkìtì iyanrìn abẹ́ omi lọ sójú agbami. Èèyàn 5 ló kú lọ́jọ́ náà. Àwọn tí wọ́n fà jáde lé ní 200, nítorí pé ọ̀pọ̀ adóòlà ló wà lórí iyanrìn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo máa ń ronú nípa iye tí ì bá kú ká ní etíkun tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ni.

Etíkun àárín ìlú ni èmi yóò mú. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wá àsíá tí apá òkè rẹ̀ jẹ́ pupa, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Àárín irú àsíá bẹ́ẹ̀ méjì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń wò, ibẹ̀ sì ni kí gbogbo yín ti wẹ̀. Àsíá pupa kan ń sọ pé omi léwu lọ́jọ́ náà, pupa méjì sì ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé rárá. Àṣà ibì kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ibòmíràn, nítorí náà ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó tẹ́ ẹní.

Arìnrìn-àjò fèsì pé:

Ẹ má bínú, mo fẹ́ gbe ọkọ yín lẹ́yìn díẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ ibi tó rẹwà. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ ya etíkun tí ẹ fẹ́ wò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ fẹ́ wẹ̀. Ẹ lè dé ìkejì nírọ̀lẹ́, kí ẹ rìn lórí iyanrìn gbígbẹ, kí ẹ ya àwòrán, kí ẹ má sì ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé àwòrán kì í sọ bí omi ṣe tutù tó. Ìlú Cape Town dára fún àpẹẹrẹ. Àwọn etíkun rẹ̀ tó kọjú sí Òkun Àtìláńtíìkì, bíi Clifton àti Camps Bay, rẹwà débi pé ojú kì í kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ máa ń tutù nini pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń ti omi ojú òkun kúrò létí ilẹ̀, omi tútù láti ìsàlẹ̀ á sì gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Ní Muizenberg, ní òdìkejì ìlú kan náà, omi máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé kì í pẹ́ gbọ̀n nínú omi tútù, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú náà kí ẹ tó yàn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fèsì pé:

Ẹ̀rù etíkun kẹta yẹn bà mí ju bí ó ṣe ba àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọdé á fẹ́ràn omi tó pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n òkúta tó dá ìgbì dúró yẹn náà ló ń dá omi dúró kó má lè tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí ìlú, gbogbo ohun tó wà lójú títì, nínú gọ́tà àti nínú páìpù ìdọ̀tí tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni odò kékeré yẹn yóò gbé wá síbẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru, etí dídùn, ara yíyún àti egbò tó kọ̀ tí kò jinná ni à ń rí lára àwọn tó bá wẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé ló sì ń gbé e mì jù torí pé ẹnu wọn kì í pa dé bí wọ́n bá ń ṣeré.

Ìmọ̀ràn tí ìjọba ìpínlẹ̀ New South Wales ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ń fún àwọn aráàlú ṣe kedere: lẹ́yìn òjò ńlá, kí wọ́n yẹra fún etíkun tó kọjú sí agbami fún ọjọ́ kan, kí wọ́n sì yẹra fún ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ fún tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rí i pé ibi tí ojú ń rí bí ibi ìrọ̀rùn ló ń pẹ́ jù kó tó mọ́. Bí òjò kò bá rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi wà níbẹ̀, tí omi rẹ̀ mọ́ gaara tí kò sì rùn, mi ò ní bá yín jà bí ẹ bá lọ, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí ibi tí odò yẹn ti ń wọlé.

Ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ láti òkèèrè. Etíkun kan máa ń ní àsíá búlúù tí wọ́n ń pè ní Blue Flag, èyí tí àjọ àgbáyé kan tó ń jẹ́ Foundation for Environmental Education ń fún ni. Orílẹ̀-èdè Faransé ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985. Kí etíkun tó gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ omi rẹ̀ wò, kí ohun èlò ìdóòlà àti ìtọ́jú pàjáwìrì sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ etíkun tó dára ni kò ní in, ẹ má sì torí èyí kọ ibi tó dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ̀rí gidi ni.

Ọmọ Apẹja fèsì pé:

Èyí tí kò sẹ́ni tó sọ nínú yín ni wákàtí. Etíkun kan náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè di ibòmíràn pátápátá tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì; láti ìgbà tó bá kún dé ìgbà tó bá fà tán jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀, wákàtí rẹ̀ á sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, ó máa ń kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì máa ń fà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibi kan wà, bí Òkun Mẹditaréníà, tó jẹ́ pé ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ibòmíràn sì wà, bíi Bay of Fundy ní Kánádà, tí omi lè fi ga tó mítà 16. Ẹ wo ìwé àkókò òkun ìlú tí ẹ ń lọ, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rìn gba abẹ́ àpáta lọ síbi kan nígbà tí òkun fà, ẹ rántí pé omi lè dí ọ̀nà àbọ̀.

Ẹ wo afẹ́fẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ sínú òkun máa ń jẹ́ kí ojú omi tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo èèyàn á sì rò pé ara òkun dá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fi ọkọ̀ rọ́bà àti rọ́bà ìléfòó àwọn ìbejì sílẹ̀ nílé, nítorí afẹ́fẹ́ á tì wọ́n lọ kí ẹ tó dìde lórí ẹní.

Ìyá Ìbejì dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹ̀ṣọ́ Òkun sétí ọkọ mi, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó sì ní ká máa lọ sí ti àárín ìlú. Ohun méjì ló kù. Ọmọkùnrin wa kò dáwọ́ ẹ̀bẹ̀ dúró pé òun fẹ́ dé ibi tí ìgbì ti ga, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì ni, kì í ṣe ẹni tí mo lè máa fà lọ́wọ́. Ìyá wa ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń ṣeré.

Ẹ̀ṣọ́ Òkun fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wẹ̀ láàárín àsíá níbi tí ẹ̀ṣọ́ wà, ìgbì ibẹ̀ náà á tó o ṣe. Adágún símẹ́ǹtì kò ní ìṣàn, bó ti wù kó mọ ìwẹ̀ tó. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kó sọ èyí fún yín lẹ́nu ara rẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lórí: bí omi bá ń fà á lọ, kó má bá a jà. Omi náà kò ní fà á lọ sísàlẹ̀, iwájú ló ń gbé e lọ, agbára rẹ̀ á sì dínkù bó bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Kó fàyà sókè, kó léfòó, kó nawọ́ sókè kó sì ké. Bí agbára rẹ̀ bá gbé e, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń tọ etí iyanrìn lọ, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ìṣàn náà, lẹ́yìn náà kó tẹ̀ lé ìgbì padà wá sílẹ̀. Àwọn tó ń kojú sí iyanrìn tààrà tí wọ́n ń bá omi jà ni agbára ń tán lára wọn, tí wọ́n sì ń rì. Bí òun bá rí ẹlòmíràn tó há sínú rẹ̀, kó má bẹ́ sí omi tẹ̀ lé e. Kó ké sí ẹ̀ṣọ́, kó sì ju ohun tó bá léfòó sí onítọ̀hún.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fèsì pé:

Ní ti ìyá àgbà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó etíkun náà, kí ẹ béèrè bóyá ọ̀nà pákó tàbí ọ̀nà símẹ́ǹtì wọ orí iyanrìn, nítorí ọ̀pá máa ń rì sínú iyanrìn gbígbẹ. Iyanrìn tó kúnná máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń le bí òkun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀, ó rọrùn láti rìn. Èyí tó rí ṣákiṣàki sábà máa ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìgbì á sì máa já lulẹ̀ lójijì lẹ́bàá ẹsẹ̀, ó lè gbá àgbàlagbà ṣubú kó sì ṣẹ́ wọn léegun. Ẹ ra agbòòrùn ńlá, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ nìkan kò tó, torí iyanrìn gbígbẹ máa ń dá nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ìtànṣán oòrùn padà sára ẹni. Kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn, kí wọ́n sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì kúrò nínú oòrùn kó tó kan àtàrí.

Ọmọ Apẹja fèsì pé:

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ yan àgbàlagbà kan tí yóò máa wo àwọn ìbejì láìmú fóònù dání, ẹ̀yin àti ọkọ yín sì lè máa gbà á fún ara yín. Kí ẹni náà wà nínú omi pẹ̀lú wọn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó àwọn méjèèjì.