Kánópì búlúù sọ ẹ̀fọ́ rírò di ọ̀dà: báwo lẹ ṣe ń ya fọ́tò oúnjẹ níbi ètò ìtọ́wò?

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé wá.

Ẹgbẹ́ obìnrin wa níbí ní Kubwa, l'Ábùjá, máa ń ṣe ètò ìtọ́wò oúnjẹ lọ́dọọdún, ká lè fi kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì á máa ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, á máa tọ́ ọ wò ní ṣíbí méjì-méjì. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ya fọ́tò torí mo ra Canon tòkunbọ̀ kan, pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm. Ẹni tó bá ní mọ́tò ni wọ́n ń sọ di dẹ́rẹ́bà.

Lọ́dún tó kọjá, ojú tì mí. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti dìde. Ẹ̀fọ́ yẹn ń dán, epo yí i ká létí abọ́, pánlá yọrí lápá ọ̀tún, pọ̀ǹmọ́ lápá òsì. Mo délé, mo wo fọ́tò, ẹ̀fọ́ ti di ọ̀dà! Ìrẹsì funfun dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró. Kánópì búlúù ni wọ́n ta lé wa lórí. Mo ti tan fíláàṣì níbẹ̀, ìyẹn ló tún burú jù: epo kàn ń kọ mànà bíi dígí, ẹ̀yìn abọ́ ṣú dùdù. Nígbà tí mo fi wọ́n sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ béèrè pé, "Ìyá Ìbejì, ta ló se eléyìí?" Òun fúnra ẹ̀ ló sè é o.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ìta gbangba náà ni, láti aago méjì ọ̀sán di àṣálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ra kámẹ́rà tuntun, owó ilé ìwé àwọn ìbejì ò tíì pé.

Alákámẹ́rà Gwarinpa:
Mọ́mì Ìbejì, ẹ kú wàhálà ẹgbẹ́. Kámẹ́rà yín ò ṣẹ̀ rárá. Ohun tó ń jẹ́ kí epo pupa ni pé ó ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà sí wa lójú. Aṣọ búlúù ti gba pupa inú oòrùn mọ́ra kó tó dé orí abọ́. Kí ni epo fẹ́ wá dá padà? Òun ló fi dúdú. Bí ẹ fi kọ̀ǹpútà fọ̀ ọ́ di ọ̀la, kò ní bọ̀ sípò tán.

Ẹ ní kí wọ́n yá kánópì funfun, ìyẹn á ṣe bí ìkùukùu fún yín. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé tábìlì kékeré kan sí ibòòji ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí kò sí aṣọ kankan lókè, kí ẹ máa bu abọ́ kọ̀ọ̀kan lọ síbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe níbi ìgbéyàwó nìyẹn. Wọ́n á ní mo ń jí ẹran. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn abọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, kí ẹ wá fi páálí funfun dúró níwájú kó lè dá díẹ̀ padà. Ìgbà yẹn ni èéfín ọbẹ̀ gbígbóná máa hàn.

Ẹ fi ojú lẹ́ńsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí f/4 tàbí f/5.6. Tí ẹ bá ṣí i gbàgàdà dé f/1.8, orí pánlá nìkan ló máa mọ́ kedere. Ẹ kọ́kọ́ ya abọ́ funfun òfìfo kan níbẹ̀, òun ni kí ẹ fi ṣe Custom White Balance nínú mẹ́nù Canon yín, ìyẹn ni pé ẹ ń fi ohun tó funfun han kámẹ́rà. Ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tútù tí kámẹ́rà ò tíì sè. Tí wọ́n bá tan iná LED nírọ̀lẹ́, tí ilà dúdú ń dábùú fọ́tò, ẹ gbé shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa, sí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá, torí 50 Hz ni iná ilẹ̀ wa, ìgbà ọgọ́rùn-ún ló ń ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti jẹnẹrétọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀.

Olóúnjẹ Lugbe:
Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ kì í dúró de alákámẹ́rà o. Kí àmàlà pẹ́ díẹ̀, awọ á ti bò ó lójú. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tó lómi pa á lára, á tún máa dán. Ewédú àti gbẹ̀gìrì, ìgbà tí ẹ bá ti gbé kámẹ́rà sójú tán ni kí wọ́n bù ú, torí wọn kì í pẹ́ wọnú ara wọn. Masa, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ní tiẹ̀, ẹ dúró ti ẹni tó ń dín in. Bó ṣe ń yọ nínú ihò agbada báyìí, tí etí rẹ̀ pọ́n tí àárín funfun, ẹ yà á. Tó bá ti wọ kúlà, ó ti lààgùn, ó ti rọ̀ nìyẹn.

Ike kékeré tí wọ́n fi ń tọ́ ọ wò yẹn, ẹ má ya ẹyọ kan, á dà bí oògùn. Ẹ to bíi mẹ́sàn-án pọ̀, ẹ gun àga, ẹ yà á látòkè. Ẹ sì máa ya káàdì orúkọ ẹni tó sè é kí ẹ tó ya abọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíì sábẹ́ ayamáṣe tèmi rí, inú mi ò tíì rọ̀ dòní.

Ìyá Kàdúná:
Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, wọ́n ti sọ ti oúnjẹ, jẹ́ kí n sọ ti èèyàn. Ìyá Hausa tó ń dín masa, má kàn na kámẹ́rà sí i lójú. Kí i dáadáa, kó o wá ní, "Don Allah, zan iya ɗaukar hoto?", ìyẹn ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya fọ́tò?" Tó bá ní ọwọ́ òun nìkan ni kó o yà, ya ọwọ́, ọwọ́ tó ní láàlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ masa dùn ún wò. Láti ogójì ọdún tí mo ti wà níbí, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì kọ̀ fún mi, ó sì tún fún mi ní masa.

Àwọn ọmọ tí ẹ ń kówó jọ fún ńkọ́? Má yà wọ́n pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ní ká gba àṣẹ òbí, àmọ́ kó tiẹ̀ tó di ti òfin, ọmọ yẹn á dàgbà, á rí i.

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ ṣé o, Mà. Gbogbo yín, ẹ ṣé gan-an. Mo dán an wò ní bàrándà lánàá. Mo lẹ bébà A4 mọ́ páálí nùdù, Kẹ́hìndé bá mi dì í mú. Ẹ̀fọ́ pupa, ó pupa! Mo tiẹ̀ rí hóró ata kan lórí pọ̀ǹmọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó tún ní, "Ta ló se eléyìí? Ó mà jọ tèmi."

Alága ní wọ́n ti sanwó kánópì búlúù, torí náà ẹ̀gbẹ́ ògiri gbọ̀ngàn ni tábìlì mi máa wà. Mo fẹ́ tún yà á látòkè kí n fi hàn yín, àmọ́ Táíwò ti jẹ pánlá inú rẹ̀.