Kí ni kí n sọ fáwọn ìyá ọjà wa nípa sísanra jù tí kò ní dà bí èébú?

Abẹ̀kẹ́_Aláṣọ

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa aláṣọ lọ́jà kan níbí n'Íbàdàn. Rọpárọsẹ̀ ń mú àwọn èèyàn wa ṣáá, ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ìyálọ́jà wa wá ní ká wá ẹni tó máa là wá lọ́yẹ̀ lórí sísanra jù nípàdé. Ẹni tá a kọ́kọ́ pè, a ò mọ̀ pé tíì ló ń tà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ju pé ọ̀lẹ àti wọ̀bìà ló ń sọ èèyàn di òróbó, ẹni tó bá ti lè pa ẹnu ẹ̀ mọ́ á di lẹ́pa, ló bá tú páálí tíì sílẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó tètè mú torí kò pọ̀ lọ́wọ́ òun. Inú bí àwọn kan, wọ́n dìde kúrò. Àwọn kan rà á o, wọ́n sì fi òru ọjọ́ yẹn sáré lọ sílé ìgbẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ dókítà kan lórí rédíò, ó ní endocrinologist lòun, ìyẹn àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ họ́mónù, ó ní sísanra jù kì í ṣe ìwà, àìsàn ni, àti pé ọpọlọ pẹ̀lú họ́mónù ló ń pàṣẹ ebi. Mo sọ ọ́ fún ìyálọ́jà, wọ́n ní "Tó o bá lọ sọ ìyẹn fún wọn, àwáwí lo fi lé wọn lọ́wọ́ yẹn, wọ́n á kàn máa jẹ lọ ni." Mi ò wá mọ èyí tí màá mú nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn dókítà họ́mónù yìí ń sọ gan-an, kí ló sì yẹ ká sọ fáwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kàwé lọ títí, tí kò ní jẹ́ èébú tí kò sì ní jẹ́ irọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Abẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Kílíníìkì àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ ti pẹ́, dókítà họ́mónù ni ọ̀gá wa níbẹ̀, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn lójoojúmọ́ ni màá sọ.

Òótọ́ ni dókítà orí rédíò yẹn sọ. Àti 2013 ni AMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ti kéde pé àìsàn ni. Ọ̀rá ara tá a rò pé ó kàn jókòó sójú kan yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe, ó ń ṣe họ́mónù, ìyẹn nǹkan tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíì nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1994, Jeffrey Friedman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller University ní New York rí jíìnì tó ń mú kí ara ṣe họ́mónù tá a wá mọ̀ sí leptin, inú ọ̀rá ni leptin yìí ti ń jáde, ó máa ń lọ sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́. Nígbà tó di 1999 àwọn ará Japan rí ghrelin, inú ikùn lèyí ti ń wá ní tiẹ̀, òun ló ń pariwo ebi. Ìfun náà ní GLP-1 tó máa ń ní ó ti tó, ẹ ti yó. Ibì kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus ni gbogbo wọn ti ń jábọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí o. Téèyàn bá ti sanra fúngbà pípẹ́, ọpọlọ á gbà pé bó ṣe yẹ kára rí nìyẹn, tí kìló bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ara á rò pé ìyàn ló mú. Leptin á wálẹ̀, ghrelin á gòkè, ebi á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara á tún máa ṣún agbára lò. Kevin Hall tó wà ní NIH nígbà yẹn, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, tẹ̀lé èèyàn 14 tí wọ́n díje nínú ètò tẹlifíṣọ̀n kan níbi tí wọ́n ti ń wo ẹni tí kìló ẹ̀ máa dín kù jù, ìwádìí ẹ̀ jáde ní 2016: ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìdíje, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sanra padà, agbára tára wọn sì ń lò lójúmọ́ ṣì fi nǹkan bíi kálórì 500 kéré sí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ wá lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ pè é ní ọ̀lẹ.

Àmọ́ ìyálọ́jà náà ò fi gbogbo ẹnu jẹ̀bi. Pé nǹkan jẹ́ àìsàn ò ní kéèyàn káwọ́ gbera. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a kì í bú u, a ṣáà ń ní kó dín iyọ̀ kù kó sì máa lo oògùn ẹ̀. Ìwádìí ńlá kan wà l'Amẹ́ríkà, Diabetes Prevention Program, 2002 ló jáde, àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí wọ́n dín ìdá 7 nínú 100 kìló ara wọn kù, kí wọ́n máa rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà wá mú fi ìdá 58 nínú 100 dín kù sí ti àwọn tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ gbọ́ o, ìdá 7! Ìyá tó wọn 100 kìló, kìló 7 péré là ń wí. Kò sẹ́ni tó ní kó padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa sọ ohun kan ṣoṣo nípàdé yẹn, èyí ni kẹ́ ẹ sọ.

BàbáRisi

Àǹtí nọ́ọ̀sì ẹ má bínú o, mo ti ka gbogbo gírámà yẹn. Ṣé àwọn bàbá wa ò ní họ́mónù ni? Bàbá tó bí mi, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sóko, iyán ni lálaalẹ́, mi ò rí i kó yọkùn rí. Ẹ kàn sọ fáwọn èèyàn kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí wọ́n yéé jẹun láago mẹ́wàá alẹ́, ó tán. Nílẹ̀ wa níbí pàápàá, tóbìnrin bá sanra wọ́n á ní ọkọ ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀, tó bá rù wọ́n á ní kí ló ń ṣe é, ṣé kò sí nílé ọkọ mọ́ ni. Ṣé họ́mónù ló ń sọ ìyẹn náà?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ̀rín pa mí o Bàbá Risi. Họ́mónù wà lára àwọn bàbá wa, ayé tí wọ́n gbé ló yàtọ̀ sí tiwa. Họ́mónù yìí, ìgbà ìyàn ló mọ̀, kó máa kó oúnjẹ pa mọ́ ló mọ̀ jù. Ẹ wá gbé e wá sáyé tí ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan ní ṣúgà tó ń lọ sí gíráàmù 50, téèyàn jókòó ti ọjà látàárọ̀ dalẹ́, tó wọ sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ dé ilé, tí oorun ò sì tó. Ìjọba àpapọ̀ náà mọ̀ ni wọ́n fi fi owó orí náírà 10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan ní 2022, àmọ́ náírà 10 lónìí, ta ló mọ̀ ọ́n lára? WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní lọ́dún 2022 yẹn kan náà, ẹnì 1 nínú 8 láyé ló ń bá sísanra jù yí. Ṣé gbogbo wọn ló jọ di wọ̀bìà pọ̀ ni?

Rírìn tẹ́ ẹ sọ dáa, mo fara mọ́ ọn. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kẹ́ ẹ rò pé ìtìjú ló máa gbé èèyàn rìn. Àwọn tí wọ́n bá ti bú nílé ìwòsàn kì í padà wá, ìgbà tí egbò ẹsẹ̀ bá ti ń rùn ni wọ́n ń dé.

Apòògùn_Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Risi fi parí yẹn lèmi fẹ́ mú o, torí òun ló ń dà wá láàmú ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọbìnrin ń wọlé ṣáá, oògùn tí wọ́n á fi sanra ni wọ́n ń béèrè. Dexamethasone, prednisolone, cyproheptadine, wọ́n á pò ó mọ́ra, àwọn míì ń ra sírọ́ọ̀pù lórí Instagram tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kí ìdí ṣáà ti yọ. Dexamethasone àti prednisolone yìí, bíi họ́mónù cortisol tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Téèyàn bá lò ó pẹ́, ojú á wú róbótó, ikùn á yọ, apá àti ẹsẹ̀ á wá tín-ín-rín, ọ̀rá á kó jọ sẹ́yìn ọrùn, awọ ikùn á máa là, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè, egungun ò ní lágbára mọ́. Cushing's syndrome làwọn dókítà họ́mónù ń pè é, àwọn aládùúgbò á sì máa ní owó ti wọlé. Owó wo!

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ kó má torí ohun tí mo kọ yìí dá a dúró lójijì. Ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kídìnrín, tó yẹ kó máa ṣe cortisol, ti sùn lọ torí pé ìta ni tiẹ̀ ti ń wá, tí oògùn bá dúró gbàà èèyàn lè dákú, ó tiẹ̀ lè kú. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn míì á ní táírọ́ìdì ló sọ àwọn di òróbó. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kìló díẹ̀ ló máa ń fi kún èèyàn, omi àti iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn.

Tóyìn_Peckham

Ẹ jẹ́ n sọ ti abẹ́rẹ́ torí mo mọ̀ pé wọ́n máa bi Àǹtí Abẹ̀kẹ́ dandan. Semaglutide ni, tó bá jẹ́ ti ìtọ̀ ṣúgà Ozempic ni wọ́n ń pè é, tó bá jẹ́ ti sísanra Wegovy ni, òun lèmi ń gún níbí. GLP-1 tí Àǹtí nọ́ọ̀sì sọ yẹn ló ń ṣe bíi tiẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èrò oúnjẹ tó máa ń wà lórí mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kàn dákẹ́, kì í ṣe pé mo di ẹni mímọ́ o, ebi ò kàn lé mi kiri mọ́. Níbẹ̀rẹ̀ èébì ń gbé mi, mi ò lè gbóòórùn ata díndín. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, àwọn tó gún un fún ọ̀sẹ̀ 68 dín kìló wọn kù pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, àwọn tí tiwọn ò ní oògùn nínú ò ju ìdá 2.4 lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dá a dúró, láàárín ọdún kan ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ti padà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà.

Ó wọ́n, fíríìjì ni wọ́n sì ń kó o sí títí wọ́n á fi ṣí i lò, ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ iná yín. June 2024, WHO kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Brazil, ní Britain níbí àti l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní òun ń tà á ní pọ́ọ́kú lórí WhatsApp, ẹ sá fún un.

Nǹkan míì tí nọ́ọ̀sì mi sọ fún mi: lórí BMI, ìyẹn ìṣirò tó ń fi kìló èèyàn wé gíga ẹ̀, àwọn NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbí ní kí wọ́n máa ka 27.5 sí sísanra jù fún àwa tá a jẹ́ ọmọ Áfíríkà dípò 30, 2022 ni wọ́n ti sọ ọ́, torí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ò dúró kó pé 30 kó tó kàn wá.

Abẹ̀kẹ́_Aláṣọ

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Ti oògùn sanra yẹn bà mí lẹ́rù, torí mo mọ ọmọ ẹnì kan tójú ẹ̀ ti yípo báyìí. Ìbéèrè mi tó kù: BMI yìí ń fẹ́ ìṣirò, sikéèlì ò sí lọ́jà wa. Tépù là ń lò, ínṣì ló sì wà lára ẹ̀. Ṣé a lè fi wọn nǹkan kan?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Tépù gan-an ló dáa jù! Ní January 2025, ìgbìmọ̀ àwọn ògbóǹtarìgì kan tí Francesco Rubino ti King's College London darí kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Diabetes & Endocrinology pé BMI nìkan ò tó láti fi sọ pé èèyàn ń ṣàìsàn, kí wọ́n wọn ikùn mọ́ ọn, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀rá yẹn ti ń pa ọkàn, kídìnrín, eegun orúnkún tàbí ẹ̀yà ara míì lára. Torí ẹ̀ ni òróbó méjì fi lè jókòó tira wọn, tí ọ̀kan ń ṣàìsàn tí ìkejì ò tíì ṣàìsàn.

Àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, kẹ́ni náà mí síta, kó má fa ikùn wọlé o! Fún obìnrin, tó bá ti pé 80 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ínṣì 31 àtààbọ̀, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, fún ọkùnrin, 94, ínṣì 37. Ẹni tí ò bá mọ nọ́ńbà kà, ẹ fi okùn wọn gíga ẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, ẹ ká okùn náà sí méjì, kó fi yí ikùn. Tí kò bá pàdé, kó lọ ṣàyẹ̀wò. Kọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kó má sẹ́ni tó máa ké nọ́ńbà ẹlòmíì síta, ẹ sì má jẹ́ kí oníṣòwò kankan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù yín.

BàbáRisi

Mo ti wá okùn. Kò pàdé o, kò tiẹ̀ sún mọ́ ara ẹ̀. Àǹtí nọ́ọ̀sì, kí ni kí n ṣe báyìí?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, bàbá. Ẹ má fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ yẹn àfi omi lásán, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo oògùn àti àgbo tẹ́ ẹ ń lò dání kí wọ́n rí i.